Òkú Tó Wà Lábẹ́ Èèpo Ìwé

Ẹjọ́ ìpànìyàn ni wọ́n pè é nígbà tó wọ ààfin lánàá. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi tètè pé, àfi Òsì tó ránṣẹ́ pé òun ṣì ń wá ẹsẹ̀ bàtà òun kan. Èmi ni mo ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ààfin, èmi náà ni mo ṣí i fún olùpẹ̀jọ́, mo sì ti múra sílẹ̀ de ẹni tí ẹ̀jẹ̀ yí láṣọ. Màmá Aránṣọ ni mo rí. Kò sí ẹni tí kò mọ arúgbó yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọrùn kan nílùú tí kò tíì fi téèpù yí ká rí. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó sì gbé ìwé kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

Adìwé ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa gba ìwé tó ti gbó, èyí tí eku ti jẹ létí tàbí tí òjò ti pa, kó tú u palẹ̀, kó tún un rán, kó lẹ èèpo tuntun mọ́ ọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gọ́ọ̀mù kì í wọ́n léèékánná rẹ̀, àìsàn kan ṣoṣo ló sì ní: kò lè rí ohun tí kò parí kó fojú fò ó. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ tí ẹ dúró díẹ̀ láti mí, á bá yín parí gbólóhùn yín.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé àga fún Màmá. Màmá ní òun kò lè jókòó nínú yàrá kan náà pẹ̀lú apààyàn. Baálẹ̀ wá bi í pé ta ni wọ́n pa.

"Ọmọbìnrin kan ni, Baba. Atukọ̀ ni. Láti ọdún tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí ló pa á."

"Òkú rẹ̀ dà?" Ọ̀tún ló béèrè, ẹni tí kì í fẹ́ kí ẹjọ́ pẹ́ nílẹ̀.

Màmá na ìwé náà síwájú. "Òun nìyí. Ewé tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ ṣí."

Baálẹ̀ wo ìwé, ó wo Màmá, ó wo àjà fún ìgbà díẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ òfin irú ẹjọ́ yìí sí. Lẹ́yìn náà ló ní kí Màmá rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo nǹkan kan.

Màmá jókòó nígbà náà, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn.

Ó ní ọkọ òun, Bàbá Aláago, ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún aago tó bà jẹ́ ṣe, tó sì kú níbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá, ló ni ìwé náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ra wọn, yàrá kan ni wọ́n ní, pẹ̀lú tábìlì kan, àtùpà kan àti ìwé kan. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Màmá á jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, Bàbá Aláago á jókòó sí òdìkejì tábìlì, á máa ka ìwé náà sí i létí. Kì í ṣe pé Màmá kò mọ̀wé kà. Ojú rẹ̀ ló wà lára abẹ́rẹ́. Etí nìkan ló ṣẹ́ kù tó lè yá ọkọ rẹ̀.

Ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn kọjá odò ni. Ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì omi. Lọ́jọ́ kan tí ìjì ń jà, ìròyìn kàn án pé ara ọkùnrin náà kò yá, ó lè má rí ọ̀la. Gbogbo èèyàn bẹ̀ ẹ́ kó má wọ odò. Ó tú okùn ọkọ̀, ó wọ inú rẹ̀, ó tu ú kúrò létí omi. Ibẹ̀ ni ìwé náà dákẹ́ sí, torí pé àwọn ewé tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bàbá Aláago ní bí òun ṣe rà á lórí àtẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti ka òmíràn tó pé rí nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun mọ òpin rẹ̀ lórí bí ẹni mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

"Kí ni òpin rẹ̀?" Baálẹ̀ bi í.

Ojú Màmá rọ̀. "Ó gúnlẹ̀, Baba. Ó bá ọkùnrin náà láàyè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó tí kò sí aṣọ, ó sọ ìgbòkun ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó fi gé aṣọ ìyàwó, ó rán an fúnra rẹ̀. Ìrán náà sì gún régé. Ọkọ mi máa ń ṣàlàyé ìrán yẹn fún mi títí dórí etí aṣọ."

Ó ní báyìí ni wọ́n ṣe ń kà á bọ̀, ọdún gorí ọdún. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà gbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Bàbá Aláago kú, ọmọbìnrin wọn rí i pé ìyá òun ń fi okùn di ìwé náà pọ̀ kó má bàa tú ká, ló bá gbé e lọ fún Adìwé láìsọ fún un. Nígbà tí ìwé padà dé, Màmá kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣinṣin, òwú tí wọ́n fi rán an kò fì síbì kan. Ó ní aránṣọ ni òun, òun kò lè purọ́ mọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn: ìrán Adìwé dára.

Ó fi gíláàsì sójú, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti tu ọkọ̀ kúrò létí omi, ó ti fẹ́ pa ìwé dé kó fi èyí tó kù sọ fún ara rẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́. Ìka rẹ̀ kan ewé míràn.

"Mo ṣí i," Màmá ní. "Ọkọ̀ dojú dé láàárín odò. Ọmọ náà kú. Gbogbo ọdún tí ọkọ mi fi wà lókè eèpẹ̀ lọmọ yìí fi wà láàyè, Baba. Ó dé ọwọ́ Adìwé, ó kú."

Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin kan lẹ́yìn fa imú. Baálẹ̀ ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá òṣìkà ni, kí Adìwé wá sọ tirẹ̀.

Adìwé kí ìgbìmọ̀ dáadáa, ó sì ní òun kò jẹ̀bi.

"Mi ò pa á, Baba. Nígbà tí mo bá a pàdé, ó ti kú. Abẹ́ èèpo ni wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sí. Èmi kàn gbé e lọ síbi tó yẹ ẹ́ ni."

Ọ̀tún ní kó sọ ọ́ ní èdè tí èèyàn gbọ́. Adìwé wá ṣàlàyé pé nígbà tí òun gbé ìwé náà lé orí tábìlì láti bó èèpo rẹ̀ àtijọ́, òun fọwọ́ wọn páálí iwájú, òun fọwọ́ wọn ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn sì nípọn ju ti iwájú lọ. Òun fi aṣọ tó tutù bo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú páálí náà, òun fi í sílẹ̀ kí omi ráyè mu ún, òun sì fi ọ̀bẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni bó awọ ẹyin. Àwọn ewé tó gbẹ̀yìn ìwé náà wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, kò sí èyí tó ya. Ó ní inú òun dùn lọ́jọ́ náà débi pé òun gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ìwé tó ti sọ ìrù nù ti rí ìrù rẹ̀.

"Nítorí náà," Baálẹ̀ ní, "bí mo bá gbọ́ ọ yé, ohun tí o ń sọ ni pé..."

"Pé kí wọ́n tú ẹjọ́ yìí ká," Adìwé bá a parí rẹ̀.

Baálẹ̀ fún un ní ìkìlọ̀ àkọ́kọ́.

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún Òsì. Ó ti rí bàtà náà, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó bi ẹni tó jókòó tì í, wọ́n sọ fún un pé ọkọ̀ ló dojú dé tí ọmọbìnrin kan fi kú. Òsì dìde dúró tìbínú-tìbínú. Ó béèrè ta ló ni ọkọ̀ náà. Ó ní irú àgbàlagbà wo ló wà létí odò tó jẹ́ kí ọmọdébìnrin dá wọ omi nínú ìjì, pé kí wọ́n lọ mú gbogbo wọn wá. Ọ̀tún tẹ̀ sí i létí, ó ní inú ìwé ló ti ṣẹlẹ̀.

"Ibi yòówù kó ti ṣẹlẹ̀," Òsì fèsì, "wọn kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó wọ ọkọ̀."

Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ gidi ni, àwọn á padà sórí rẹ̀. Ó wá bi Adìwé pé, nígbà tó rí àwọn ewé náà, ta ló ní kó rán wọn pọ̀ mọ́ ìwé. Adìwé ní ọmọ oníwèé ni; ohun tó sọ ni pé kí òun tún ìwé náà ṣe kó pé.

Wọ́n pe ọmọbìnrin Màmá. Awakọ̀ akẹ́rù ni, obìnrin sígbọnlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní irọ́ ni. Òun kò sọ pé kó pé, òun ní kó le.

"Kó pé," Adìwé ní.

"Kó le," obìnrin náà ní. "Ìwé ń tú ká, kí ni màá fi pípé ṣe?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sí ara wọn, kó pé, kó le, títí Ọ̀tún fi ní òòyì ọ̀rọ̀ náà ti ń kọ́ òun, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn gbọ́ nǹkan míràn. Baálẹ̀ bi awakọ̀ náà bóyá òun náà mọ ìtàn inú ìwé yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní báwo ni òun kò ṣe ní mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ìtàn náà ni wọ́n fi ń rẹ òun sùn. Òun tilẹ̀ gbà pẹ̀lú ìyá òun pé ọmọbìnrin náà kò kú. Ó gúnlẹ̀, ó wo omi lẹ́yìn, ó ní òun kò wọ odò mọ́ láéláé, ló bá lọ kọ́ mọ́tò wíwà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ ńlá lójú títì ọ̀hún.

Màmá yíjú sí i. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Bàbá mi ni, Màmá."

"Aṣọ ìyàwó ńkọ́?"

"Aṣọ ìyàwó wo?"

Mo wo ojú Màmá, mo rí i pé nǹkan kan ti yẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀ tí Adìwé fi ní òun náà ní ẹlẹ́rìí. Onígbàjámọ̀ ló pè, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Onígbàjámọ̀ jẹ́rìí pé lójú òun ni Adìwé ti ṣí páálí náà, lójú òun ni ewé ìwé ti jáde níbẹ̀. Ó yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀, torí ìyẹn nìkan ni Adìwé pè é fún. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ tó bá ti rí èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó ní ohun tó kàn ń ya òun lẹ́nu ni pé ewé tó jáde náà kò bá òtítọ́ mu. Gbogbo ìgbà tí Bàbá Aláago bá wá gẹ irun ló máa ń sọ ìtàn náà, òun sì mọ òpin rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin atukọ̀ gúnlẹ̀, àìsàn ti jẹ́ kí irùngbọ̀n ọkùnrin náà gùn débi pé kò dá a mọ̀. Ó ti fẹ́ padà. Onígbàjámọ̀ kan ló sáré dé pẹ̀lú abẹ, ó fá irùngbọ̀n náà kúrò, bí ojú ọkùnrin náà ṣe yọ ni ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. "Òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbéyàwó," ó ní. "Onígbàjámọ̀ náà."

Ẹ̀rín ta láàfin. Adìwé dojú bolẹ̀, ó ti rí i pé ẹlẹ́rìí òun ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọ̀tún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń mi orí láti ìgbà tí awakọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó ní gbogbo wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí Bàbá Aláago wá tún aago ara ògiri òun ṣe, ẹnu rẹ̀ ni òun ti gbọ́ òpin ìtàn yìí, òun kò sì gbàgbé. Ọkùnrin aláìsàn náà kò tilẹ̀ rí ọmọ náà fẹ́. Ìjòyè kan ló dúró létí odò tó rí bó ṣe ń fi ìgboyà tukọ̀ bọ̀, ló bá ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ìjòyè náà, Ọ̀tún ní, ni ọwọ́ ọ̀tún baálẹ̀ ibẹ̀.

"Ọ̀tún," Baálẹ̀ ní, "ṣé adájọ́ ni ẹ́ ni àbí ẹlẹ́rìí?"

"Mo lè ṣe méjèèjì, Baba."

Ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ, o yà fún mi. Awakọ̀ ní bàbá òun kò lè purọ́ fún òun. Onígbàjámọ̀ ní kí ni ìjòyè ń wá létí odò nínú ìjì. Òsì, tó ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà tán báyìí, fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti ránṣẹ́ sí àwọn òbí ọmọ náà. Àwọn mìíràn láti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sókè, torí ó jọ pé kò sí ẹni tí Bàbá Aláago tún aago rẹ̀ ṣe tí kò ní òpin ìwé tirẹ̀ nílé.

Baálẹ̀ nìkan ló dákẹ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó fi ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. Ó ní ó yẹ kí òun sọ ọ́ kí òfin má bàa mú òun. Bàbá Aláago tún aago ààfin yìí náà ṣe. Nínú ìtàn tó sọ fún òun, nígbà tí ọmọbìnrin náà gúnlẹ̀, àwọn àgbà etí odò ń jà nítorí ilẹ̀. Ó bá wọn dá ẹjọ́ náà, ó dá a dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kó máa ṣàkóso àwọn.

"Wọ́n fi í jẹ baálẹ̀," Onígbàjámọ̀ ní jẹ́jẹ́.

"Wọ́n fi í jẹ baálẹ̀," Baálẹ̀ gbà.

Màmá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀, kì í sì ṣe ti ìbànújẹ́ nìkan. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún.

"Ṣé ẹ ò rí ohun tó ń ṣe ni?" ó ní. "Ó ń wọn yín kó tó gé e. Mo bá ọkùnrin yẹn gbé títí irun wa fi funfun, mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ èèyàn wọ̀n nínú ilé wa."

Baálẹ̀ fún un láyè kó mí. Ó wá bi Adìwé ìbéèrè kan tí kò sí ẹni tó ti béèrè rẹ̀: báwo ni wọ́n ṣe lẹ àwọn ewé náà mọ́ páálí? Adìwé kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó fẹ́ràn jù láyé. Ó ní ẹni tó lẹ̀ wọ́n fara balẹ̀. Etí nìkan ló fi gọ́ọ̀mù kàn, díẹ̀ báyìí. Kò jẹ́ kó kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

"Bó bá fẹ́ kó ṣègbé, iná ló máa jù ú sí," Adìwé ní. "Ó tọ́jú rẹ̀ ni, Baba. Ó ṣe é kó lè ṣeé ṣí."

Gbogbo wa mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ilé yẹn, ta ló tún ní irú sùúrù ọwọ́ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ń fi ẹ̀mú gbé irin aago tí kò tó ẹyin eèrà?

Màmá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ìwé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní nígbàkúùgbà tí Bàbá Aláago bá kàwé dé ibi ìjì, ó máa ń húkọ́, á sì jáde lọ mumi. Òun a máa bá a wí pé eruku aago ni, pé kó máa fi nǹkan bo imú lẹ́nu iṣẹ́.

"Ó ń lọ múra irọ́ ni," Màmá ní. "Òun nìkan ló mọ̀ pé ọmọ náà kú. Á wọlé padà, á jókòó, á mú ọmọ náà gúnlẹ̀ fún mi, èmi á máa rẹ́rìn-ín. Mò ń rẹ́rìn-ín, òun ń gbé òkú. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Kí ló dé tí kò jẹ́ kí n bá a gbé e díẹ̀?"

Òsì fẹ́ sọ nǹkan kan, Ọ̀tún fọwọ́ kàn án lórúnkún, ó dákẹ́. Adìwé ya ẹnu, gbogbo wa bẹ̀rù pé ó fẹ́ bá Màmá parí rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó pa ẹnu dé lórí ohun tí kò parí.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé ìwé náà fún òun. Adìwé bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó jọ̀ọ́ nu ọwọ́ kó tó ṣí i. Baálẹ̀ nu ọwọ́, ó gbé ìwé náà wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀tún ń rìn síwá-sẹ́yìn. Onígbàjámọ̀ ń wo irùngbọ̀n Òsì bí àgbẹ̀ ṣe ń wo oko tí ẹnikẹ́ni kò ro. Awakọ̀ lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí Baálẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní eruku inú ìwé ni. Ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún dì kò ní eruku kankan, ṣùgbọ́n Adìwé pàápàá kò bá a jiyàn.

"Ìgbìmọ̀ yìí rí i pé ọmọbìnrin atukọ̀ kú," Baálẹ̀ ní. "Mo kà á fúnra mi. Omi náà pọ̀, ọkọ̀ náà kéré. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ nínú ààfin yìí pé kò kú."

Màmá tẹrí ba.

"Ìgbìmọ̀ yìí tún rí i pé ó gúnlẹ̀," Baálẹ̀ ń bá a lọ. "Ẹlẹ́rìí tó sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a lè lé jáde, mo sì wà nínú wọn. Ìwé tó bá fẹ́ pé gbọ́dọ̀ gba méjèèjì."

Lẹ́yìn náà ló ṣèdájọ́ Adìwé. Ó ní wọn kò ní yọ àwọn ewé náà kúrò, torí ẹni tó ti ka òpin ìwé kò lè padà di ẹni tí kò kà á. Ṣùgbọ́n Adìwé máa tú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, á mú ìwé òfìfo nínú èyí tó dára jù lọ́dọ̀ rẹ̀, á rán an mọ́ ẹ̀yìn ewé tó gbẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tí Bàbá Aláago bá sọ òpin kan fún máa lọ jókòó nídìí tábìlì Adìwé, á kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ, Adìwé á bá a kọ ọ́ bó ṣe pè é gẹ́lẹ́. Kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni parí gbólóhùn, bí ẹni náà tilẹ̀ sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá kọ tán, òun náà máa kọ òpin kan látọkàn rẹ̀, Màmá ni yóò sì sọ bóyá ó dára. Bí kò bá dára, á tún un kọ.

Adìwé bẹ̀bẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni òun mọ̀, òun kò mọ ìtàn. Nígbà tó rí i pé ojú Baálẹ̀ kò yí padà, ó ní ó dáa, kí òun gbìyànjú rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin náà gúnlẹ̀. Ó rí ìwé kan tí omi ti bà jẹ́ létí odò. Ó gbé e, ó mú un lọ fún adìwé kan tó mọṣẹ́ dáadáa...

"Tún un kọ," Màmá ní.

Òsì rán ìgbìmọ̀ létí pé wọ́n ṣèlérí láti padà sórí ọ̀rọ̀ òun. Ẹni tó kọ ìwé ńkọ́, ẹni tó mọ̀ pé ìjì ń bọ̀ tó sì fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀? Wọ́n ṣí ewé àkọ́kọ́ láti wo orúkọ rẹ̀. Aáyán ti jẹ ibẹ̀ tán. Baálẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹni náà bá fẹsẹ̀ kan ìlú yìí, kí n mú un wá tààrà láti ẹnu ọ̀nà, kó wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi dá ìjì náà dúró nígbà tó jẹ́ pé òun ló dá a sílẹ̀. Inú Òsì dùn sí èyí gan-an.

Ó wá ku Bàbá Aláago. Ìgbìmọ̀ fohùn ṣọ̀kan pé ó jẹ̀bi. Ó gbé ohun tó yẹ kí tọkọtaya jọ gbé, ó sì dá a gbé. Wọ́n ní kó yọjú sí Màmá, kó ka òpin ìwé náà sí i létí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kó má fo ọ̀rọ̀ kan, kó sì dúró gbọ́ ohun tí Màmá bá fẹ́ sọ fún un. Ọ̀tún ní ọkùnrin náà ti kọjá ibi tí ìránṣẹ́ ààfin ń dé. Baálẹ̀ ní òun mọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń lọ sọ́hùn-ún nínú gbogbo àwọn tó wà níbí ni kó bá ààfin jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.

Díẹ̀díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́dọ̀ Òsì, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ.

Òsì wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní kì í ṣe pé òun kọ iṣẹ́ ààfin, ààfin mọ òun. Ṣùgbọ́n òun ní àlejò lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀nà náà sì jìn. Kí wọ́n rọra wá ọ̀dọ́ kan.

Màmá Aránṣọ ti dìde, ó ti fi ìwé há abíyá.

"Ẹ fi Òsì sílẹ̀, Baba," ó ní. "Ọkọ mi ni. Èmi ni màá jẹ́ iṣẹ́ náà fún un." Ó rìn wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì tún bojú wẹ̀yìn wo ìgbìmọ̀. "Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kán mi lójú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ ka ti Onígbàjámọ̀."